Kí Eku Máa Ké Bí Eku: Lámèyítọ́ lórí Pikachu àti Ọ̀rọ̀ Òjìjí fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá ní Kaduna

Àṣamọ̀

Pikachu, ẹ̀dá bí eku tí iná mànàmáná wà lára rẹ̀ nínú eré Pokémon, ti di ojúlùmọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ ń lé e jáde ní kíláàsì, àwọn mìíràn ń ṣe bí ẹni pé wọn kò rí i. Nínú bébà yìí, a fi ojú lámèyítọ́ wo ẹ̀dá náà gẹ́gẹ́ bí a ti í wo ẹ̀dá ìtàn yòówù. Èrò wa ni pé Pikachu dára ní ti pé agbára rẹ̀ ní gbèdéke, ó sì lè kọ ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibi tó kù sí ni pé ó ní orúkọ, kò ní oríkì. A fi òjìjí, ẹja oníná inú odò wa, wé e, a sì dá àbá ohun tí olùkọ́ lè ṣe.

Ìfáàrà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ungwan Dosa nínú ìlú Kaduna, ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣe géèmù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Iná ti lọ láti àárọ̀. Kò pẹ́, tábúlẹ́ẹ̀tì náà kú. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, Pikachu ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tan jẹnẹrétọ̀." Ó pa wá lẹ́rìn-ín pé ẹ̀dá tó ń kó iná pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò rí iná lò. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tún béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń pe Pikachu ní Yorùbá?" A ní a ó sọ fún un lọ́la. Ilẹ̀ mọ́, a kò rí ohun tí a ó sọ.

Ọmọ Yorùbá ni. Hausa ló ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ ní ilé-ìwé, Yorùbá ló ṣẹ́ kù fún inú ilé, ìyẹn nígbà tí òbí bá rántí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fúnra rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá, olùkọ́ tó bá dákẹ́ ti pàdánù ohun tí kò rọrùn láti rí padà. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé-ìwé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ló fà á tí ìbéèrè ọmọ yìí fi wúwo lójú wa. Ohun tí ìlànà kò lè fi ipá ṣe fún wa mọ́, ìfẹ́ ọmọ nìkan ló kù tó lè ṣe é.

Ìhà méjì ni a ti rí àwọn àgbà tó bá di ọ̀rọ̀ Pikachu. Àwọn kan ní nǹkan àjèjì ni, ó sì lè ba ìgbàgbọ́ ọmọ jẹ́. Irú èrò yìí kò pin sí ọ̀dọ̀ wa: ní ọdún 2001, orílẹ̀-èdè Saudi Arabia fòfin de géèmù àti káàdì Pokémon. Àwọn kejì ní eré ọmọdé lásán ni, kò sí ohun tó kan olùkọ́ níbẹ̀. Àwa kò fara mọ́ ìhà kankan nínú méjèèjì. Bí a bá lè gbé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tó jáde ní ọdún 1938, síwájú akẹ́kọ̀ọ́ wa kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí Pikachu.

Ibi tí Pikachu ti wá àti ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀

Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Satoshi Tajiri, tó fẹ́ràn láti máa kó kòkòrò jọ nígbà èwe rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ eré Pokémon. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Game Freak, ló ṣe é, Nintendo sì gbé e jáde ní Japan ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 1996, fún ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Game Boy. Ẹ̀dá 151 ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe géèmù ni kí ó rìn kiri oko àti igbó, kí ó máa mú àwọn ẹ̀dá náà, kí ó sì máa fi wọ́n bá àwọn ẹlòmíràn ja ìjàkadì. Ẹ̀dá kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú àkójọ náà ni Pikachu. Obìnrin kan, Atsuko Nishida, ló ya àwòrán rẹ̀. Ó ti ṣàlàyé pé ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló mú kí òun fi iná pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀dá yìí. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin, ọdún 1997, káátúùnù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Japan, láti ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kan gbogbo ayé.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ èdè kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni orúkọ náà. Ìfìrógbóyèyọ ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní èdè Japan, "pika" ni ìró tí wọ́n fi ń sọ bí nǹkan ṣe kọ yẹ̀rì, "chu" sì ni igbe eku létí wọn. Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu: nǹkan a máa dán yinrin, a máa kọ yẹ̀rìyẹ̀rì. Àwọn ará Japan kò wá ọ̀rọ̀ lọ sí òkèèrè. Wọ́n mú ìró tí ọmọ wọn mọ̀ láti orí ẹní, wọ́n fi sọ ẹ̀dá wọn lórúkọ, ayé sì gba orúkọ náà láìtúmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ungwan Dosa tó ń pe "Pikachu" ń sọ èdè Japan láìmọ̀.

Agbára tó ní gbèdéke

Àwọn tó dá Pikachu kò sọ ọ́ di alágbára gbogbo, ohun àkọ́kọ́ tí a sì gbọ́dọ̀ yìn nínú iṣẹ́ wọn nìyẹn. Gbogbo ẹ̀dá inú géèmù náà ló ní ìran tirẹ̀: ti omi, ti iná, ti ewéko, ti òfúrufú, ti ilẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mànàmáná Pikachu a máa ṣẹ́gun ìran omi àti ìran òfúrufú, ṣùgbọ́n kì í mú ìran ilẹ̀ rárá. Kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó dé kíláàsì, ọmọ tó ń ṣe géèmù yìí ti mọ̀ pé ilẹ̀ a máa gba iná mì. Ìdí kan náà ni oníṣẹ́ iná fi ń ri irin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kí ó tó fa wáyà wọlé.

Èkejì ni pé Pikachu mọ ohun tí ń jẹ́ "n kò ṣe." Nínú ìpín àkọ́kọ́ káátúùnù náà, ọmọ tí wọ́n fi í fún, tí wọ́n ń pè ní Satoshi ní Japan àti Ash ní Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ kí ó wọ inú bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n máa ń kó àwọn ẹ̀dá yòókù sí. Pikachu kọ̀, ó tún fi iná gbọ̀n ọ̀gá rẹ̀ jìgìjìgì. Ìgbà tí agbo ẹyẹ kan dojú kọ wọ́n, tí ọmọ náà sì fi ara rẹ̀ dí i kí wọ́n má baà pa á, ni Pikachu tó fi tinútinú lo agbára rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn èyí, ẹlòmíràn fi Raichu, ẹ̀dá tí Pikachu ì bá dà bí ó bá dàgbà, ṣẹ́gun wọn. Wọ́n fi òkúta àrá lọ̀ ọ́ pé kí ó gbà á kí òun náà lè di ńlá. Pikachu kọ̀ ọ́. Ìyára ara ló fi padà wá borí. Etí Yorùbá kò lè gbọ́ òkúta àrá kí ó má rántí ẹdùn àrá lójúbọ Ṣàngó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wo ìjà náà kí ó má rántí pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹni tó bá ní kò sí ẹ̀kọ́ ìwà nínú ìtàn yìí kò wò ó dáadáa.

Síbẹ̀, gbèdéke kan wà tí àwọn tó ṣe é kò rí títí ó fi ṣe wọ́n léṣe. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1997, wọ́n gbé ìpín kan jáde ní Japan níbi tí mànàmáná Pikachu ti mú kí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù máa ṣẹ́jú lójú tẹlifíṣọ̀n kíákíá. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 600, gìrì sì mú àwọn kan nínú wọn. Káátúùnù náà dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀dá mìíràn tí ń jẹ́ Porygon, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìpín náà, ni wọ́n mú kúrò lójú agbo láti ìgbà náà. Pikachu, tí mànàmáná ti ara rẹ̀ wá, padà sórí ìjókòó rẹ̀. Lójú tiwa, ibí yìí ni ìtàn náà ti fi àléébù rẹ̀ hàn jù. Nínú rẹ̀, iná a máa gbọ̀n ènìyàn, irun rẹ̀ a dúró, ojú rẹ̀ a dúdú, a tún dìde, a rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń gbé àdúgbò tí wáyà ti rọ̀ wá sílẹ̀ nílò ìtàn tó ń sọ òótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní orúkọ, kò ní oríkì

Nínú káátúùnù, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni Pikachu ń sọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Pikachu ni. Bí ó bá bínú, Pikachu náà ni. Ikue Ōtani, obìnrin tó ń fọhùn fún un láti ọdún 1997, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi pé ohùn rẹ̀ náà ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, gígùn àti kíkúrú ló fi ń ya ayọ̀ sọ́tọ̀ sí ìbànújẹ́. Olùkọ́ èdè olóhùn yóò gbádùn èyí. Ṣùgbọ́n ìṣesí nìkan ni ohùn ń yà sọ́tọ̀ lẹ́nu Pikachu. Kì í ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Àwọn baba wa a máa sọ pé nǹkan ti dàrú bí eku kò bá ké bí eku mọ́, tí ẹyẹ kò ké bí ẹyẹ. Eku tí a ń wò yìí ń ké bí ara rẹ̀, lóòótọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé igbe náà kò kọjá ara rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe Pokémon kò ní ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà nínú géèmù náà tí ń jẹ́ Pokédex, tó sọ pé Pikachu ga ní mítà 0.4, ó wúwo ní kìlógíráàmù 6, ó ń kó iná sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti pé bí púpọ̀ wọn bá péjọ, iná wọn lè di ìjì àrá. Ẹni tó bá mọ ìjálá yóò rí i pé èyí fẹ́ jọ oríkì ẹranko. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tó jáde ní ọdún 1966, fi hàn bí ọlọ́dẹ ṣe ń fi ìrísí, igbe, ìrìn àti ìṣe ẹranko kì í. Ọlọ́dẹ náà ti fi ojú wo ẹranko rẹ̀ fínnífínní kí ó tó ya ẹnu.

Ìyàtọ̀ wà níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí. Ọlọ́dẹ tó ń ki erin ti bá erin pàdé. Ẹ̀rù ti bà á rí, ó ti jẹ ẹran rẹ̀ rí, ó lè bú u, ó lè júbà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń jáde nínú oríkì. Pokédex kò bá ẹnikẹ́ni pàdé. Ìdí tó fi wà ni kí ẹni tó ń ṣe géèmù lè kó gbogbo ẹ̀dá náà pé, kí àlàfo kankan má ṣẹ́ kù nínú àkójọ rẹ̀. Nínú èyí, a ń mọ ẹ̀dá kí a lè kó o; nínú ìjálá, a ń mọ̀ ọ́n kí a lè mọ bí a ó ṣe bá a gbé inú ayé kan náà. Ohun tí ọmọ Ungwan Dosa ń béèrè lọ́wọ́ wa ju ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lọ. Ó ti mọ nọ́ńbà Pikachu, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó mọ ọ̀tá rẹ̀. Kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ bí ó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó fún ìyá rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.

Òjìjí, ẹja oníná inú odò wa

Kí a tó wá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀dá àjèjì, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá a ní ẹ̀dá oníná tiwa. A ní in. Òjìjí ni Yorùbá ń pe ẹja kan tó jọ àrọ̀, tí ara rẹ̀ sanra tó sì rọ̀, tí iná ń ti ara rẹ̀ jáde. Malapterurus ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ìran rẹ̀. Odò Ọya wà lára àwọn odò tó ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni odò Kaduna tó la ìlú yìí kọjá ń ṣàn lọ dà sínú Ọya. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀: odò tí a fi orúkọ aya Ṣàngó pè ni ẹja tó ní mànàmáná lára ń gbé. Ní ilẹ̀ Ejíbítì, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ibojì Ti ní Saqqara, èyí tó ti lé ní 4,000 ọdún.

Iná ara òjìjí lè tó nǹkan bí 350 volt, ìyẹn ju 240 tí a ń retí nínú wáyà ilé wa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá bín-ín-tín ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Iṣan ara rẹ̀ ló yí padà di ohun tó ń pèsè iná náà, ó sì wé mọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ awọ bí aṣọ. Òru ló máa ń jẹ̀. Ó ń fi iná náà mú ẹja mìíràn jẹ, ó sì ń fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Kì í sáábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kàn án nínú àwọ̀n kò ní gbàgbé. Kò sí bọ́ọ̀lù tí a lè kó o sí, kò sì sí ọ̀gá tí yóò pàṣẹ fún un. Ọgbọ́n tí apẹja fi ń bá a lò ni ìṣọ́ra.

Ohun tó wú wa lórí jù nínú ọ̀rọ̀ ẹja yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn akẹgbẹ́ wa tó ń sọ Hausa. Minjiriya ni Hausa ń pè é. Ní ọdún 1987, onímọ̀ ẹja kan tí ń jẹ́ Sagua ṣàpèjúwe irú òjìjí kan tí a kò tíì kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Malapterurus minjiriya. Orúkọ tí àwọn apẹja ń pè létí odò wọ inú ìwé sáyẹ́ǹsì gbogbo ayé, ó sì jókòó síbẹ̀ títí di òní, gẹ́gẹ́ bí "pika" àti "chu" ṣe jókòó sẹ́nu ọmọ wa. Ẹni tó mọ orúkọ ní ilé ló lè gbé e dé òde.

Ní ti Yorùbá, ẹ̀bi wa kò kéré. Nínú àwọn ìwé kíkà tí àwa fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, ìjàpá pọ̀, kìnnìún pọ̀, a kò bá òjìjí pàdé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tilẹ̀ ń kà á sí òjìji tí í tẹ̀lé ènìyàn nínú oòrùn, nítorí wọn kò fi ohùn sí sílébù tó gbẹ̀yìn.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Àbá mẹ́ta ni a ní. Èkíní, kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ sọ Pikachu lórúkọ ní Yorùbá, kí ó sì gbèjà orúkọ tó bá mú wá. A ti ní ohun èlò: "iná mànàmáná" tí a ń pe iná ilé wa fi hàn pé àwọn tó ṣáájú wa rí i pé ohun tó ń kọ lójú ọ̀run àti ohun tó wà nínú wáyà kò yàtọ̀. Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì.

Èkejì, kí ọmọ ki Pikachu, kí ó sì ki òjìjí, kí a gbé méjèèjì kalẹ̀ kí a wo ìyàtọ̀ wọn. Bí àpẹẹrẹ, àwa gbìyànjú báyìí:

Eku mànàmáná, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ iná,
Akéré gbé àrá pamọ́ sẹ́nu,
Wọ́n ní kó wọ kóló, ó lóun ò wọ̀,
Gbogbo ẹ̀dá ń sá fún un, ilẹ̀ nìkan ni kò mira.

Òjìjí, abara rọ̀bọ̀tọ̀ lódò Ọya,
Ẹja tí a mú, tó mú ni,
A kò rí iná lójú rẹ̀, a kò rí èéfín,
Ẹni tó bá gbá a mú ni yóò ròyìn.

Kì í ṣe iṣẹ́ àgbà akéwì. Ohun tí a fẹ́ kí ọmọ rí ni pé oríkì kejì ń kìlọ̀, èkíní kò kìlọ̀ tó. Ibẹ̀ ni olùkọ́ yóò ti sọ̀rọ̀ wáyà tó já sílẹ̀ àti ọwọ́ tútù lára ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, ọmọ yóò sì gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ohun tó fẹ́ràn ni.

Ẹ̀kẹta, ní irú ilé-ẹ̀kọ́ tiwa yìí tí ẹ̀ka Hausa, Igbo àti Yorùbá ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, kí a jọ ṣe ìwé kékeré kan lórí àwọn ẹ̀dá odò Kaduna, kí orúkọ ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ ní èdè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó fẹ́ràn láti máa kó ẹ̀dá jọ yóò rí ohun tí yóò kó jọ, wọn kò sì ní kú nígbà tí iná bá lọ.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Pikachu kì í ṣe ẹ̀dá yẹpẹrẹ. Wọ́n fi òye ṣe é, wọ́n fún agbára rẹ̀ ní gbèdéke, wọ́n sì fún un ní ọkàn tó lè kọ̀. Ohun tí kò lè fún ọmọ wa ni ọ̀rọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lílé e jáde kò lè ṣe iṣẹ́ náà, fífojú fò ó kò sì lè ṣe é.

A padà lọ bá ọmọ náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a ní a ti rí orúkọ: Eku Mànàmáná. Ó ronú díẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Bàbá, kò jọ eku. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló jọ. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀." Ọmọ náà kò gbọ́ orúkọ Nishida rí. A sọ ìtàn òjìjí fún un, ó sì bi wá bóyá a lè lọ wò ó létí odò. Títí di àkókò tí a ń kọ bébà yìí, ó ṣì ń pe Pikachu ní Ọ̀kẹ́rẹ́ Mànàmáná, àwa náà sì ti gbà fún un.